Ẹṣin nínú igbó Gambari: bí a ṣe ń bá a sùn mọ́jú láìkó àìsàn bọ̀

Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n ní Ìbàdàn ti gba orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń sin ẹṣin nílùú yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé ìtumọ̀ orúkọ náà. Bí a bá gba Mọ́níyà lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀dàn là ń wọ̀: igi á fọ́nká, koríko á gbòòrò, atẹ́gùn á máa fẹ́. Bí a bá gba Challenge kọjá sí Idi-Ayunre lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde, igbó là ń wọ̀. Ẹran ọ̀dàn sì ni ẹṣin. Orí ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti fi ẹlẹ́ṣin jagun, òkè ọya ni wọ́n sì ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wọn, nítorí pé níhà ìsàlẹ̀ yìí ẹṣin kì í pẹ́ kú. Àìsàn tó ń pa wọ́n nígbà náà kò tíì kúrò nínú igbó wa.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe láti kó ẹṣin lọ sí igbó ọba Gambari, tó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde yìí, fún òru kan tàbí méjì kí gbogbo wọn sì padà wálé láìfarapa. Ohun tó ń ba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ẹranko ńlá. Eṣinṣin ni, okùn ni, omi ni, oúnjẹ tí a rà láìbèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Eṣinṣin ló burú jù, òun ló sì yẹ kó pinnu oṣù tí a máa lọ, ibi tí a máa pàgọ́ sí, títí dé àwọ̀ tapólì tí a máa gbé.

Eṣinṣin tsetse àti kántíkántí

Bèbè odò àti ibi tí òjìji bá ti ṣú ni tsetse ń gbé. Ó tóbi ju eṣinṣin ilé lọ díẹ̀. Bó bá bà sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kan á gorí èkejì bí ojú àlùmọ́gàjí tí a pa dé, ẹnu rẹ̀ á sì yọ síwájú bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, àti akọ àti abo. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ trypanosoma ló ń gbìn sára ẹṣin. Ẹṣin tó bá kó o á máa ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, á máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun, erìgì rẹ̀ á funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ìdí rẹ̀ á sì máa fì bó bá ń rìn. Àwọn ẹṣin tí wọ́n kó wá láti Argentina fún pólò ni kì í lè fara dà á rárá. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró sí ilé rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. Ẹṣin ilẹ̀ wa tó ti dàgbà, tó sanra, tí kò lóyún, ni ká mú lọ.

Ojú ni tsetse fi ń wá ẹran. Ohun tó bá ń rìn, tó dúdú tàbí tó jẹ́ búlúù, ló ń fà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi aṣọ búlúù àti dúdú rán pàkúté tí wọ́n ń dẹ fún un. Ẹ wá wo tapólì tó pọ̀ jù lọ́jà wa: búlúù ni. Ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì omi náà, búlúù ni. Ẹni tó bá ta tapólì búlúù sórí ẹṣin rẹ̀ ti dẹ pàkúté, ó sì ti fi ẹṣin ṣe ìjẹ. Funfun, eérú tàbí àwọ̀ iyanrìn ni kí aṣọ, tapólì àti kẹ́ẹ̀gì jẹ́, kí àwọn èèyàn náà má sì wọ ṣòkòtò jíǹsì.

Ojúmọmọ ni tsetse ń jẹ ẹran, pàápàá ní àárọ̀ àti bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Lóru ó máa ń sinmi. Bí òun bá sì ti sinmi ni kántíkántí á dìde. Láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí ni kántíkántí ń mu ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń gbé àìsàn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà tó lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí kò sì sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Òjò ló ń mú kántíkántí pọ̀. Nítorí náà, láti oṣù Kejìlá sí ìparí oṣù Kejì ni ká lọ. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, kántíkántí á dín kù, àwọn tsetse bèbè odò á sì kóra jọ sí ìwọ̀nba ibi tí omi bá ṣẹ́ kù sí. Èyí á jẹ́ ká mọ ibi tí a ò gbọdọ̀ sùn.

Fi odò sílẹ̀ ní mítà 300 ó kéré tán. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún dára. Àwa la ó máa lọ pọn omi wá fún ẹṣin, a ò ní fa ẹṣin lọ sódò. Iṣẹ́ tó le ni, ó sì máa ń dun ẹni láti ru omi nígbà tí ẹran ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, àmọ́ ìṣẹ́jú 15 tí ẹṣin fi dúró lódò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti tó fún tsetse. Fín oògùn permethrin tí wọ́n ṣe fún ẹṣin sí ẹsẹ̀, abẹ́ ikùn àti ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó wọ igbó. Bó bá làágùn gan-an, tún un fín, nítorí òógùn á ti fọ̀ ọ́ lọ.

Àṣẹ, àwọn ará abúlé, àti ọ̀nà

Igbó ọba ni Gambari, kì í ṣe igbó aláìlólúwa. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó, ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì, ni a ti ń gba ìwé. Kọ iye èèyàn, iye ẹṣin, ọjọ́ tí ẹ máa wọlé àti ọjọ́ tí ẹ máa jáde sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i bóyá ẹ máa dáná. Ẹ má fọkàn sí i pé ẹṣin á rí koríko jẹ níbẹ̀: ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin láti 2019 tó de fífi ẹran jẹko káàkiri, ẹṣin tó bá sì já wọ oko kòkó tàbí oko ẹ̀gẹ́ lè dá ìjà ńlá sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹṣin máa jẹ, ẹ gbé e láti ilé.

Ẹ kí Baálẹ̀ abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó já ẹrù, ẹ sì sọ fún gáàdì igbó àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn ibi tí ẹ máa sùn gan-an. Bí àwọn ará abúlé bá ní àwọn ò fọkàn balẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má jiyàn, ẹ padà. Etí igbó ni kí àgọ́ wà, níbi tí ọkọ̀ ń dé tí fóònù sì ń wọlé. Ẹṣin tó bá ní inú rírun lóru kò lè rin kìlómítà mẹ́wàá jáde.

Ẹ má gùn ún láti ìlú dé ibẹ̀. Títì Ìjẹ̀bú-Òde kún fún ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀dà sì máa ń ta ẹṣin lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ju àyà ẹṣin lọ ni ká fi kó wọn, ká da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, nítorí orí irin lásán ni ẹṣin ti máa ń yọ̀ tó ń fi eékún balẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ọkọ̀ ṣí, kí ẹ tó bá sún kẹẹrẹ-fà kẹẹrẹ Challenge pàdé nínú oòrùn. Ẹṣin méjì ni ká kó, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹṣin tó bá dá wà nínú igbó kò ní sùn, kò ní jẹun, á sì máa ké títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Oúnjẹ: ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹṣin ilẹ̀ wa tó tó kílò 300 máa jẹ koríko gbígbẹ tó kílò 6 lójúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ ṣírò 7. Harawa, ìyẹn ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà tí wọ́n sá gbẹ, dára láti gbé nítorí ó fúyẹ́. Ẹ tú ìdì kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó. Bí eruku funfun bá sọ, tàbí tó ń rùn bí ilé tí òjò wọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àgbàdo tó bu burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: màlúù lè jẹ ẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ, kò sì ní àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ló yẹ ká kọ gàdàgbà sára ògiri ilé ẹṣin gbogbo. Ẹ má fi oúnjẹ adìyẹ bọ́ ẹṣin. Ìbàdàn kún fún ọlọ tó ń po oúnjẹ adìyẹ, ó rọrùn láti ra àpò kan lójú ọ̀nà nígbà tí dùsà (èèrí ọkà) bá tán. Àmọ́ wọ́n máa ń po oògùn bíi monensin tàbí salinomycin mọ́ ọn nítorí àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ adìyẹ. Ìwọ̀n tí adìyẹ ń jẹ tí ara rẹ̀ ń le yẹn, ọkàn ẹṣin ló ń bàjẹ́. Ẹṣin á làágùn, á máa mí gúlegúle, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e mọ́, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan. Kódà bí ẹ bá ní kí ọlọ náà lọ àgbàdo lásán fún yín, bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tàdìyẹ tán, ìyókù inú ẹ̀rọ lè pọ̀ tó láti pa ẹṣin. Ọlọ tí kì í po oògùn rárá ni kí ẹ wá.

Ìyàngbò àti dùsà tó kílò kan àárọ̀, kílò kan alẹ́, ti tó. Ohun tó ń jẹ nílé gan-an ni kí ẹ gbé. Inú ẹṣin kì í fẹ́ àyípadà òjijì, ibẹ̀ sì ni inú rírun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì sí i lójúmọ́. Inú agbada ni kí ẹ bu oúnjẹ sí, kó má baà máa gbé iyanrìn mì. Ẹ wo àyíká àgọ́ náà dáadáa: ewé ẹ̀gẹ́, làrà, bòtujẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé.

Omi: lítà 30 sí 50 fún ẹṣin kan lójúmọ́. Fún ẹṣin méjì, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin lójúmọ́ ni ká ṣírò, ká sì gbé ti ọjọ́ kìíní láti ilé. Ẹṣin mìíràn kì í mu omi tó rùn yàtọ̀ sí tilé rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ dùsà kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń tan òùngbẹ rẹ̀ jáde.

Okùn òkè

Bí a ṣe ń so ẹṣin ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kù díẹ̀ káàtó sí jù. Nílùú, wọ́n á kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n á fi okùn so ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́ ọn. Ní gbàgede tó mọ́, kò burú. Nínú igbó, okùn ilẹ̀ máa ń kọ́ kùkùté, ẹṣin á fi ẹsẹ̀ wé e, á máa fà, okùn á sì ti bó awọ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá so ó mọ́ ìdí igi tààrà, á máa yí igi po títí okùn á fi tán, á wa gbòǹgbò síta, á gé èèpo igi jẹ. Igi ìjọba ni, ó sì lè kú.

Okùn tí a ta sókè láàárín igi méjì ló dára jù. Ẹ wá igi ààyè méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí àárín wọn tó mítà mẹ́wàá. Ẹ gbójú sókè kí ẹ tó pinnu: ẹ̀ka gbígbẹ tó bá wà lókè ibẹ̀ á já lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ òru tiyín. Ẹ má fi okùn lásán yí igi ká, á gé e. Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ tókunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà níbi ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Gate, fẹ̀ dáadáa, ó sì lágbára. Ẹ ké e ní mítà méjì-méjì. Ẹ so ó mọ́ igi ní gíga tó ju mítà méjì lọ díẹ̀, kí ọkùnrin gíga máa na ọwọ́ kó tó kàn án.

Okùn náà fúnra rẹ̀, kó nípọn tó mìlímítà 12, kó sì jẹ́ irú tí kì í nà. Ọ̀rá ni okùn ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, ó máa ń nà. Bí ẹṣin bá fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á rọ̀ wá dé àyà rẹ̀, ẹṣin á sì fi ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ fà á le gan-an, ẹ jẹ́ kí ẹṣin dúró lábẹ́ rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ sì tún fà á le lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ pa ojú okùn méjì sára rẹ̀, kí ẹ fi òrùka irin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: òrùka kọ̀ọ̀kan jìnnà sí igi ní mítà méjì ó kéré tán, wọ́n sì jìnnà síra ní mítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú okùn yìí ló ń jẹ́ kí ẹṣin dúró sáyè rẹ̀. Láìsí i, àwọn méjèèjì á yọ́ wá sí àárín, wọ́n á máa ta ara wọn nípàá.

Gígùn okùn tó bọ́ láti òrùka sí ẹṣin ló gba ìṣọ́ra jù. Kí irin ẹnu okùn náà, bí kò bá sí ẹṣin lẹ́nu rẹ̀, fì sókè ilẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹṣin á fi ẹsẹ̀ iwájú kọ́ ọ. Bó bá kúrú jù, kò ní lè rẹ orí sílẹ̀, ọ̀fun àti imú rẹ̀ kò ní lè da eruku inú rẹ̀ jáde, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì lè tẹ̀lé e. Kí irin náà jẹ́ èyí tó ń yí lójú ara rẹ̀, kí okùn má baà lọ́ bí ìfun. Kókó tó ṣeé fà tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ká ta, kí ọ̀bẹ mímú kan sì wà lára igi níbi tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé fún òru méjì. Ẹṣin tí a kò bá so rí lábẹ́ okùn òkè máa ń bá a jà ní wákàtí àkọ́kọ́, ó sì sàn kó jà á nílé ju kó jà á nínú òkùnkùn Gambari.

Ilẹ̀, iná àti òru

Abẹ́ igi tíìkì dára láti sùn nínú ọ̀gbẹlẹ̀: ewé ti wọ́, oòrùn ń dé ilẹ̀, tsetse kò sì fẹ́ràn ibi tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ewé tíìkì gbígbẹ náà ni ohun tó ń gbé iná yára jù nínú igbó yẹn nígbà ọyẹ́. Sítóòfù gáàsì kékeré ni kí ẹ fi se oúnjẹ. Kí ẹ gbá ewé kúrò títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, mítà mẹ́ta yí ká, kí ẹ sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì tí kì í ṣe ti ẹṣin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó máa ń fi èéfín lé kántíkántí, kí wọ́n ṣe é nínú agbada irin tó ní iyanrìn nísàlẹ̀. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ń fẹ́, kí wọ́n má ṣe é rárá.

Kùkùté tíìkì tí wọ́n gé máa ń ṣóró bí ọ̀kọ̀, ewé Akíntọ́lá sì máa ń bò ó. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn gbogbo abẹ́ okùn òkè àti mítà márùn-ún yí i ká, kí ẹ fi àdá pa àmì sí gbogbo kùkùté. Bí ohun kan bá gún pátákò ẹsẹ̀, àrùn ipá (tetanus) ni ìbẹ̀rù wa, nítorí ẹṣin kì í lè fara da àrùn yẹn. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ipá rẹ̀ má tíì gbó kí ẹ tó kúrò nílé.

Oṣù ọyẹ́ náà ni wèrèpè ń gbó. Bí irun èso rẹ̀ bá bọ́ sára ẹṣin tó làágùn, ó lè já okùn. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi aṣọ nù ún, á tàn ká ni. Amọ̀ tútù ni ká fi lẹ̀ ẹ́, ká jẹ́ kó gbẹ, ká wá họ ọ́ dànù pẹ̀lú irun náà.

Ìjàlọ sì wà. Ẹran tí a kò so á sá fún ìjàlọ. Èyí tí a so kò lè sá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yí ilẹ̀ ká kí ẹ tó sùn, kí ẹnì kan sì máa dìde ní wákàtí méjì-méjì. Ẹṣin tó bá ń janlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó ń bu ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó ro pé inú ló ń run ún. Bí ìjàlọ bá ti tò dé ibẹ̀, ẹ tú ẹṣin kí ẹ fà á kúrò. Ẹ má dúró máa da eérú. Inú rírun ní tirẹ̀, ẹṣin á máa wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, á máa fẹ́ dùbúlẹ̀ yí, kò sì ní yàgbẹ́. Ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn ni kí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù gbogbo yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbẹ́ ẹṣin kan lè tó kílò 15 lójúmọ́. Inú àpò ni kó padà sí. Ó ń pe eṣinṣin, ó sì ń gbin koríko òkèèrè sínú igbó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ẹ tú gọ̀gọ̀ wò fún eégbọn, ẹ wo inú etí àti abẹ́ ìrù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìwé kan kọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ẹṣin, kí ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ láràárọ̀ kó tó jẹun, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Láàárín 37.2 sí 38.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà. Bó bá kọjá 38.5 lọ́jọ́ kan tó sì padà wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má yọ̀. Bí ibà trypanosoma ṣe ń rìn nìyẹn. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ gbóná náà gan-an ni kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ìgbà náà ni kòkòrò rẹ̀ rọrùn jù láti rí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní diminazene, oògùn trypanosoma, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń gún fún màlúù: ara ẹṣin kì í gba oògùn yẹn bí ti màlúù, ó sì ti pa ẹṣin rí. Dókítà ẹran ni kó yan oògùn, kó sì wọn ẹṣin náà kó tó fa abẹ́rẹ́.